Ohun Tí Ṣeunfúnmi Ní Kí Kọ̀ǹpútà Fò

Ṣeunfúnmi kò gbà kí a yí orúkọ òun padà nínú ìtàn yìí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ bú òun, kó rí orúkọ gidi tí yóò fi bú òun.

Lọ́dún 2016 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti jáde yunifásítì, ó ti sin ìjọba tán, ó sì ti jókòó sílé pẹ́ títí ojú fi ń tì í láti kí àwọn ará ilé wọn lówùúrọ̀. Wọn kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n kàn ń wò ó ni.

Ohun kan ṣoṣo tó gbá mú lákòókò náà ni Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó ń kọ́ ọ ní yàrá kan lókè ilé ìtajà oògùn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ibẹ̀ ló ti pàdé Hamdalah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kì í tijú àtibéèrè ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń mú díẹ̀ nínú àwọn nǹkan tó tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ Hamdalah lójú.

"Ṣeun jàre, kí ni gbogbo kólọ́ọ̀nù, àwọn àmì olójú méjì tí wọ́n tò sáàárín àkámọ́ yìí?"

Ṣeunfúnmi nàka sí àwọn àga tó tò nínú yàrá náà. "Wo àwọn àga yìí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú àkámọ́ yẹn ni ibi tó o ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni ibi tó o ti fẹ́ dúró. Ìkẹta ni ìgbésẹ̀ rẹ, bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe máa gùn tó. Tó o bá kọ ení síbẹ̀, gbogbo àga lo máa fọwọ́ kàn. Tó o bá kọ èjì, o mú kan, o fo kan, o mú kan, o fo kan."

"Tí mi ò bá kọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Á bẹ̀rẹ̀ látorí ti àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ òdo ni kọ̀ǹpútà ń pe ti àkọ́kọ́ o, kì í ṣe ení."

"Tí mo bá wá ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí ení, tí ìgbésẹ̀ mi ṣì jẹ́ èjì?"

"Àga kejì ló máa kọ́kọ́ mú nìyẹn. Gbogbo èyí tó fò tẹ́lẹ̀ ló máa wá mú, gbogbo èyí tó mú tẹ́lẹ̀ ló máa wá fò."

Hamdalah bú sẹ́rìn-ín. "Áà, ó ti yé mi! Ìwọ ló yẹ kó jẹ́ tíṣà wa ṣá."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di kòríkòsùn.

Kò pẹ́ tí Hamdalah fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ó lọ dá jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan sílẹ̀ ní Ìkòtún. Ṣeunfúnmi ní tirẹ̀ rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Ìgándò. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé ló ni ín, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, tó ń pe gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọmọ mi.

Iṣẹ́ tó gbé fún Ṣeunfúnmi kò le. Ohun ìwọ̀n kan wà nínú táǹkì ńlá. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á wọn bí omi ṣe mọ́ tó, á sì fi èsì ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́, òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò. Ṣeunfúnmi kọ ètò tó ń yà wọ́n sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan níbi táwọn oníbàárà ń gbà wọlé. Ọ̀pá kan ló ń dúró fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Tí omi bá mọ́, ọ̀pá aláwọ̀ ewé á dìde. Tí kò bá mọ́, ọ̀pá pupa ni.

Ewé ni gbogbo rẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni pupa wá ń yọjú láàárín ewé, níhìn-ín lọ́hùn-ún.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé pè é. "Ṣeun ọmọ mi, àwọn ọ̀pá yìí ti pọ̀ jù. Ojú ń ro èèyàn láti wò wọ́n. Bá mi dín wọn kù."

Ọ̀rọ̀ náà kò burú létí rẹ̀. Ó ṣí kóòdù rẹ̀, ó kọ omi[::2] síbẹ̀. Mú kan, fo kan. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́ rekete. Gbogbo pupa lọ.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ọ̀gá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn."

Ṣeunfúnmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó jókòó padà, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Bí èèyàn bá fo ìdajì, ó yẹ kí ìdajì pupa kù. Kí ló dé tí kò fi ku ẹyọ kan?

Ó jáde lọ bá Bọ̀dá Festus tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń fa omi. Àgbàlagbà ni, irun orí rẹ̀ ti funfun.

"Bọ̀dá Festus, ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ń ṣe omi wa nírọ̀lẹ́?"

Ọkùnrin náà wẹ̀yìn. "Àǹtí Ṣeun, ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Omi bọ́ọ̀hòlù iwájú kì í tó mọ́ tó bá ti di ọ̀sán. Ọjà ń yá jù. Ọ̀gá wá ní ká máa ṣí ti ẹ̀yìn." Ó fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn ọgbà. Ààtàn ńlá ló wà lọ́hùn-ún, ó ga ju ilé lọ, èéfín ń rú níbẹ̀ bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, àwọn ẹyẹ funfun sì bà lé e lórí. "Ohun tí òjò bá fọ̀ kúrò lórí ìyẹn, inú ilẹ̀ ló ń rọ́ sí. Èmi kì í mu omi ibí o. Mo ń gbé tèmi wá látilé ni."

Ó wá yé Ṣeunfúnmi. Òwúrọ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kà. Tó bá wá ń mú kan tó ń fo kan, òwúrọ̀ nìkan ni yóò máa mú títí ayé. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa fò, láìku ẹyọ kan.

Ó padà síwájú kọ̀ǹpútà, ó yí nọ́ńbà náà padà sí mẹ́ta: omi[::3]. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹsẹ̀ á bọ́ sí òwúrọ̀, á bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, á tún bọ́ sí òwúrọ̀. Àwọn ọ̀pá náà ò ní pọ̀ jù, wọn ò sì ní ṣẹ̀tàn.

Pupa padà wá sójú tẹlifíṣọ̀n.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló ní kó o tún fọwọ́ kàn án?"

"Sà, èyí ló sọ òtítọ́. Ti tẹ́lẹ̀ yẹn, òwúrọ̀ nìkan ló ń mú. Ìrọ̀lẹ́ ò sí níbẹ̀ rárá."

Ọkùnrin náà jókòó sétí tábìlì. Kò bínú. Ìyẹn ló bani lẹ́rù jù.

"Àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ìwọ lo hùmọ̀ wọn?"

"Rárá, sà. Ohun ìwọ̀n ló kà wọ́n."

"Ṣé o pa èyíkéyìí rẹ́?"

"Rárá, sà. Gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀."

"Irọ́ wo la wá pa?"

Ṣeunfúnmi yíjú sí ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

"Mo fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun sí Ìpájà," ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Mò ń wá ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Ẹni tó máa ní ọ́fíìsì tirẹ̀, tí wọ́n á máa fi ọkọ̀ wá gbé láti ilé. Ìwọ lojú mi wà lára ẹ. Àbí kí n wá ẹlòmíì? Àwọn tó wà nílé láìníṣẹ́ pọ̀ o, ìwọ náà mọ̀."

Ó mọ̀. Ó rántí ojú àwọn ará ilé wọn lówùúrọ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí ọkọ̀ tó dúró sẹ́nu géètì, tí àwọn tó ń wò ó wá ń kí i.

Ó pa mẹ́ta rẹ́, ó kọ méjì padà.

Ìka kan péré ló fi ṣe é.

Kò tíì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Hamdalah wá kí i níbi iṣẹ́. Ó gbé Rídwàn ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n náà, ẹnu yà á.

"Ṣeun, ìwọ lo ṣe gbogbo èyí? Máṣáà Allāhu!" Lẹ́yìn náà ló wá fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbọ́, ẹni tó ń gbé omi wá fún wa níléèwé ti já wa kulẹ̀. Ṣé omi yín dáa? Àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́ máa rà á fún o. Ohun tí ìwọ bá sọ ni mo máa gbà, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn.

"Ó dáa," ni Ṣeunfúnmi sọ. "Ṣé o ò rí i ni?"

"Ó parí nìyẹn. Kí wọ́n máa gbé e wá."

Rídwàn na ọwọ́ kékeré sí àwọn ọ̀pá aláwọ̀ ewé náà láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ṣeunfúnmi gbójú kúrò.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi lọ sí Ìkòtún. Òjò ò dáwọ́ dúró. Òórùn ààtàn wọ inú ilé iṣẹ́, ó wọ aṣọ, ó wọ irun. Ṣeunfúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi ti ara rẹ̀ wá láti ilé nínú ike. Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Festus rí ike náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn mi orí. Orí tó mì yẹn dun Ṣeunfúnmi ju èébú lọ.

Lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀ kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti lọ kírun, ó kọ nǹkan tí kò tíì ní ìgboyà láti kọ rí sójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀: omi[1::2]. Bẹ̀rẹ̀ látorí ìkejì. Mú gbogbo èyí tá a ti ń fò.

Pupa ló kún ojú kọ̀ǹpútà láti òpin kan dé òpin kejì. Bí ó ṣe ń sún mọ́ ọjọ́ òní ni àwọn ọ̀pá náà ń ga sí i.

Ó pa á dé kíákíá bí ẹni tó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n tẹ́ òkú sí. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́yìnkùlé.

Fóònù rẹ̀ dún. Hamdalah ni.

"Ṣeun, inú ń run àwọn ọmọ kan níléèwé. Àwọn míì ò tiẹ̀ wá. Rídwàn náà ti ń gbóná láti àná."

"Bóyá oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ tí mò ń sè fún wọn tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣì ń sè." Hamdalah dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé kì í ṣe omi?"

Ó dà bíi pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú Ṣeunfúnmi láti jẹ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ. Títí di òní, ó ní bí òun bá fẹ́ sùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ orí fóònù yẹn ni òun ń gbọ́.

"Kì í ṣe omi," ó ní.

Lára àwọn ọmọ tí inú ń run ni Bólúwadúró, ọmọkùnrin kan tó máa ń dá orin fún àwọn yòókù láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ kò bí òmíràn. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní oògùn ibà. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsíbítù, dókítà ní tàífọ́ìdì ni, ó sì ti dá ìfun ọmọ náà lu.

Ṣeunfúnmi ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ìpè náà wọlé.

"Ṣeun," ni Hamdalah wí, ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀ mọ́. "Bólú ti lọ."

"Lọ síbo?"

Ó mọ ibi tó lọ. Ẹnu rẹ̀ ló kọ̀ láti mọ̀ ọ́n. Hamdalah gbé fóònù sílẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Hamdalah wá sí ilé iṣẹ́ omi pẹ̀lú bàbá ọ̀kan lára àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ìmọ́tótó. Rídwàn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù. Ó jọ pé Hamdalah ò tíì bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmọ náà sílé ìwòsàn.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó kẹ́dùn. Ó tilẹ̀ nu ojú.

"Ṣùgbọ́n omi tiwa, ẹ fojú ara yín rí i," ó ní, ó sì nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Ó mọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. A ò fi nǹkan kan pa mọ́."

Òṣìṣẹ́ ìjọba náà wò ó, ó ń mi orí. Bàbá ọmọ náà wolẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà á parí síbẹ̀.

Hamdalah kò wo ọ̀gá. Ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ lẹ ń wọn omi, àbí? Bó o ṣe sọ fún mi nígbà tó o gba iṣẹ́ nìyẹn. Kí ló dé tí ọ̀pá yìí fi jẹ́ ẹyọ kan lójúmọ́?"

Ó tọ́ka sí kọ̀ǹpútà.

"Ṣeun, ṣí kóòdù náà."

"Màdáámù, kí lẹ mọ̀ nípa kóòdù?" ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí Ṣeunfúnmi ti mọ̀ ọ́n.

"Ṣí i."

Ṣeunfúnmi ṣí i. Hamdalah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ó dúró.

"Sọ fún wọn ohun tí ìlà yìí ń ṣe."

"Hamdalah, jọ̀ọ́…"

"Sọ fún wọn bó o ṣe sọ fún mi."

Omijé ti ń bọ́ lójú Ṣeunfúnmi. "Ó ń mú kan," ó ní. "Ó ń fo kan."

"Èwo ló ń fò?"

"Ìrọ̀lẹ́."

Hamdalah na ọwọ́ kọjá lójú rẹ̀, ó tẹ ení síwájú kólọ́ọ̀nù náà. Kò ju ìyẹn lọ. Omi[1::2].

Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n náà di pupa. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn sí wọn lójú, ó tàn sí aṣọ funfun ọ̀gá. Bàbá ọmọ náà kígbe kan, igbe tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

"Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà o!" ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé ń pariwo. "Mi ò fọwọ́ kàn án rí láyé mi! Òun ló ṣe é! Ẹ bi í!"

Òótọ́ ló sọ. Kò fọwọ́ kàn án rí.

Hamdalah ti dìde. Kò gbá a létí, kò bú u. "Mo bi ọ́," ó ní. "Mo bi ọ́ lórí fóònù, nígbà tí Bólú ṣì wà láàyè."

Ó jáde. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ mọ́ látọjọ́ náà.

Ìjọba ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ṣeunfúnmi kó gbogbo èsì ohun ìwọ̀n náà fún wọn, láìyọ ọ̀kan, ó sì dúró ní kóòtù sọ ohun tí òun ṣe àti ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un. Bọ̀dá Festus náà jẹ́rìí nípa bọ́ọ̀hòlù ẹ̀yìn. Wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé lẹ́wọ̀n. Wọ́n dá Ṣeunfúnmi sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí rẹ̀, àwọn kan sì ní kò yẹ kí wọ́n dá a sílẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Rídwàn yè é. Àmọ́ àwọn òbí kó ọmọ wọn kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi náà, Hamdalah sì tì í pa, ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ jókòó sídìí iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun lónìí, Ṣeunfúnmi ní kí a sọ fún yín pé òun ò pa nọ́ńbà kankan rẹ́, òun ò sì kọ ayédèrú kan. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nìkan ni òun fi han àwọn èèyàn. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra.

Nígbà tí ẹjọ́ parí, ó wá ilé ìyá Bólúwadúró lọ ní Òkè-Odò. Obìnrin náà kò wá sí kóòtù rí, nítorí náà kò mọ̀ ọ́n lójú. Ó rò pé ará ṣọ́ọ̀ṣì ni.

"Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n bu omi fún yín." Ó gbé ife kan wá. "Sísè ni mo sè é o. Ọkàn mi ò gba ti inú ọ̀rá mọ́."

Ṣeunfúnmi fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà. Kò lè gbé e dé ẹnu.

"Mà, Ṣeunfúnmi ni orúkọ mi. Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ omi yẹn."

Obìnrin náà jókòó. Ẹnì kan ń fọ aṣọ níta, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń fún un.

"Nígbà tẹ́ ẹ ṣe é," ó béèrè, "ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọdé ń mu ún?"

Èsì kan wà nílẹ̀ tó lè gbà á sílẹ̀. Ó lè sọ pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ kọ ọ́, òun ò mọ nǹkan kan. Òótọ́ sì ni. Ó lè dákẹ́ síbẹ̀.

"Mo mọ̀, mà," ó ní.

Obìnrin náà na ọwọ́, ó rọra gba ife omi náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ."